Orí Nínú Oòrùn, Ẹsẹ̀ Nínú Ibòòji: Ọ̀rọ̀ Lórí Òdòdó Tó Ń Gun Ògiri ní Ilẹ̀ Òtútù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olódòdó sọ ní Akúrẹ́ nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí iná ti lọ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì kú, tí mo ní láti máa pariwo.

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Alágbàká, ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lórí ìdúró nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìdúró. Ọmọ Akúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ará Oǹdó Ekímògún tó wọ mọ́tò wá láàárọ̀ yìí, ẹ kú ewu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi akọ̀wé yín pé, "Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ?" Ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó tó ń gun ògiri ní ìlú òtútù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ní Akúrẹ́? Níbi tí ooru ti ń mú wa bíi mọ́ínmọ́ín inú ìkòkò?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó nínú wa ni kò ní ọmọ ní Ìlú Ọba tàbí ní Kánádà? Àwọn ìyá wa ń lọ síbẹ̀ lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun, wọ́n ń bá ọgbà lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ wọn kò sì lè dilẹ̀. Wọ́n ń fa òdòdó olówó gọbọi tu, wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀." Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ṣé irọ́ ló pa? Mo rí àwọn tó ń wolẹ̀ lápá ibẹ̀ yẹn.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọgbà ní àríwá ilẹ̀ England kí n tó fẹ̀yìn tì wálé. N kò kàwé rẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ìyá mi ń ta iṣu l'Ọ́jà Ọba. Ọgbọ́n oko ni mo gbé lọ. Ó gbà mí níbì kan, ó tàn mí jẹ níbòmíràn. Ibi tó ti tàn mí jẹ ni mo fẹ́ sọ jù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yin náà yóò ti ṣìnà.

Ó ń sùn ni

Ọdún kejì tí mo débẹ̀, ìyá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi fún mi ní clematis kan nínú ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ìtàkùn ni. Ẹ̀ka rẹ̀ tín-ín-rín, èèyàn á rò pé kò lè gbé nǹkan kan, àmọ́ òdòdó rẹ̀ lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Aláwọ̀ àlùkò ni èyí tó fún mi, irú tí wọ́n ń pè ní Jackmanii. Ìdílé Jackman, tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn ní Woking, ló mú un jáde ní nǹkan bí ọdún 1860, ó sì wà lára ògiri àwọn èèyàn títí dòní.

Mo gbìn ín. Ó tan òdòdó lọ́dún náà bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ewé wọ́ tán pátá. Ẹ̀ka rẹ̀ gbẹ, ó di aláwọ̀ ilẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣẹ́ pẹ́kẹ́. Mo ní, "Ó ti kú nìyẹn." Níbi tí wọ́n ti bí mi, ohun tí kò ní ewé rárá, tó tún ń ṣẹ́ pẹ́kẹ́ lọ́wọ́ ẹni, igi ìdáná ni. Mo fà á tu, mo jù ú sí ààtàn.

Ọjọ́ kejì, ìyá náà yọjú lórí ọgbà. Ó ní òdòdó òun dà? Mo ní ó ti kú, mo sì bá a kẹ́dùn. Ó wò mí títí. Ó ní, "Kò kú. Ó ń sùn ni."

Ẹ bá mi sọ ọ́: ó ń sùn ni. Ẹ tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́: ó ń sùn ni!

Ṣé àwa kò mọ igi tó ń sùn ni? Ta ni kò rí àràbà nígbà ọyẹ́ rí, tí ó wà ní ìhòòhò láti orí dé ẹ̀ka? Ta ló pè é ní òkú? Iṣu ńkọ́? Ìtàkùn rẹ̀ á gbẹ, a ó wa iṣu, a ó kó o sí àká, kò ní pẹ́ títí tí yóò fi máa hù fúnra rẹ̀ níbẹ̀, láìsí omi, láìsí ilẹ̀. Ọmọ oníṣu ni mí, mo sì gbàgbé. Ohun tó rú mi lójú ni pé ní ilé, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni nǹkan ń sùn. Níbẹ̀, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ilẹ̀ tutù rinrin, òdòdó sì sùn. Mo ní kí ló dé?

Ọjọ́ ló ń kà. Ní Akúrẹ́ níbí, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yíká ọdún. Ní London, ojúmọ́ máa ń gùn ju wákàtí 16 lọ ní òpin oṣù Kẹfà; nígbà tó bá fi máa di òpin oṣù Kejìlá, kò tó wákàtí 8 mọ́. Bí ìtàkùn bá ti rí i pé ọ̀sán ń kúrú, tí òtútù sì ń dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ inú ewé sọ̀kalẹ̀, á jẹ́ kí ewé já. Àìsàn kọ́. Ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni, bí ìyá ọlọ́jà tó rí i pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tó ń lọ ní oṣù Kejì, ẹ má fa ohunkóhun tu. Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka náà fẹ́ẹ́rẹ́. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí ó ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹ tún ha á. Bí ẹ bá ha á délẹ̀ tí ẹ kò rí tútù, ẹ ṣì dúró di oṣù Karùn-ún, nítorí clematis mọ bí a ṣe ń díbọ́n ikú.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí èèyàn kì í tètè rò. Ẹ má fi ajílẹ̀ tó ń mú ewé sú, irú ìgbẹ́ adìyẹ tútù àti yúríà, sí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹjọ. Yóò tún yọ ẹ̀ka tuntun, ẹ̀ka rírọ̀ bí ọrùn ọmọ jòjòló, ìrì dídì ọjọ́ kan ṣoṣo á sì jó o dúdú. Ẹni tó ń lọ sùn, ẹ má gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò

Mo ti wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an báyìí. Bí ẹ bá ti gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ibi tí a wà yìí.

Bí òdòdó bá ń ṣe wá bákan, ibi tí ojú wa ń lọ ni òkè, ibi tí ewé wà. Àwọn ológbà ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan nípa clematis: orí rẹ̀ nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ibòòji. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, iṣu ni ẹ ń sọ yìí kẹ̀!" Ṣebí a máa ń fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má bàa se irúgbìn mọ́ inú ilẹ̀, nígbà tí ìtàkùn fúnra rẹ̀ ń wá oòrùn lọ sókè? Ohun kan náà ni. Ẹ kó ewé jíjẹrà tàbí ìdọ̀tí ọgbà tó ti di ilẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kó nípọn díẹ̀, àmọ́ kó má fara kan ẹ̀ka, kó má bàa jẹrà. Àwọn mìíràn ń to òkúta pẹlẹbẹ síbẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbin òdòdó kúkurú síwájú rẹ̀ kó fi òjìji bò ó.

Ìyá arúgbó yẹn dárí jì mí, ó fún mi ní òmíràn, olódòdó ńlá ni eléyìí náà. Oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, ìrudi rẹ̀ ti lé ní ogún. Mo ń kà wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń ka owó àjọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wò ó, ó ń dán. Ilẹ̀ mọ́, ó ti rọ wọ̀ọ̀, ewé ti ń dúdú. Mo bomi rin ín, pàbó. Ẹ̀yin ará mi, onígbàgbọ́ ni mí, àmọ́ ọkàn mi kọ́kọ́ sáré wálé. Mo ní, "Ta ni mo ṣẹ̀? Ta ló wo òdòdó mi ní ìwòkuwò?"

Kì í ṣe ayé. Àrùn kan ni, ohun kan tó bá olú tan ló ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí i. Calophoma clematidina ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó máa ń pa ẹ̀ka níbi tó bá ti wọlé, omi kò sì ní lè gòkè mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo òkè fi ń rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olódòdó ńlá ló fẹ́ràn láti mú. Àwọn olódòdó wẹ́wẹ́, bíi viticella, kì í sábà kó o.

Mo fẹ́ fa eléyìí náà tu. Ìyá náà ní, "Dúró ná. Ihò tí o gbìn ín sí, báwo ló ṣe jìn tó?" Mo ní bó ṣe wà nínú ìkòkò ni mo ṣe gbé e sínú ilẹ̀. Ó mirí. Ó ní clematis olódòdó ńlá, a máa ń rì í wọlẹ̀ ju ti inú ìkòkò lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kí ojú ìhù bíi mélòó kan lè wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí àrùn bá pa gbogbo òkè, àrùn yẹn kì í sábà pa gbòǹgbò. A ó gé òkú ẹ̀ka dé ibi tó ti mọ́, kódà bó bá délẹ̀. A ó sun ún tàbí ká kó o jìnnà, a kò ní kó o sí ààtàn ọgbà. A ó nu sísọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó, a ó máa wò ó. Tèmi hù padà ní ọdún kejì, láti abẹ́ ilẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe tijú tó! Èmi tí mo ti ń kọ ebè láti ọmọ ọdún méje, ó ku kí òyìnbó wá kọ́ mi pé ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ìfowópamọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ wẹ̀. Èmi rí ẹni tó ń gbé ẹ̀bá odò tó fi itọ́ wẹ̀. Òdòdó róòsì ni.

Wọ́n pè mí sí ilé kan. Róòsì tó ń gun ògiri ni, ewé rẹ̀ ti funfun, bí ẹni da èlùbọ́ sí i, orí ìrudi rẹ̀ ti lọ́. Oní-ilé ní ọ̀rinrin ló pọ̀ jù, pé òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fà á. Òjò ń rọ̀ lóòótọ́. Mo wọ bàtà rọ́bà débẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ìka bọ inú ilẹ̀ ní ìdí róòsì náà. Ilẹ̀ gbẹ táútáú! Ìka mi kò wọlé. Ẹ̀yin tó mọ ilé, ẹ rò ó wò: òrùlé ta síta, ó ń gbé òjò kọjá, bíríkì ń fa omi, ìpìlẹ̀ ilé kún fún àfọ́kù símẹ́ńtì. Ìdí ògiri ni ibi tó gbẹ jù lọ nínú gbogbo ọgbà, nínú òjò ilẹ̀ England. Èbu funfun yẹn, ohun tó fẹ́ nìyẹn gan-an: kí gbòǹgbò gbẹ, kí afẹ́fẹ́ òkè sì tutù.

Nítorí náà ẹ má gbin ìtàkùn mọ́ ògiri gbágbágbá. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 sílẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀pá gbé e fara ti ògiri. Ẹ máa bomi rin ín fún ọdún méjì àkọ́kọ́ bí ilẹ̀ bá gbẹ. Garawa omi kan tó kún, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, sàn ju kọ́ọ̀bù kan lójoojúmọ́ lọ. Ìdí ni kí ẹ da omi sí, ẹ má dà á sórí ewé. Ohun tí mo ṣe fún róòsì oní-ilé yẹn kò ju ìyẹn lọ: omi, ewé jíjẹrà, mo sì gé ibi tó bàjẹ́ jù. Ó ń retí oògùn inú ìgò. Ìgbà tí mo ní kó san owó, ó wò mí bí ẹni tó ta omi fún un. Omi náà ni mo tà fún un!

Bó ṣe ń gùn

Kí ẹ tó ra wáyà àti ìṣó, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ohun tí ẹ gbìn ṣe ń gùn. Àwọn kan ń wé bí iṣu. Honeysuckle ń wé, wisteria ń wé. Ẹ bi àgbẹ̀ iṣu: ṣé apá ibi tí ewùrà ń wé sí ni ẹ̀sùrú ń wé sí? Rárá o! Wisteria ti Ṣáínà àti ti Jàpáànù náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni apá tí wọ́n ń wé sí. Bí ẹ bá fi agídí wé e sódì, yóò tú ara rẹ̀. Àwọn kan ní ọwọ́ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń di nǹkan mú, bí ẹ̀gúsí. Sweet pea nìyẹn. Clematis ní tirẹ̀, ọrùn ewé ló fi ń lọ́ mọ́ nǹkan, ọrùn ewé kò sì gùn. Bí òpó bá sanra, kò ní lè dì í mú. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló fẹ́. Àwọn tó ń fi gbòǹgbò lẹ̀ mọ́ ògiri, bí ìyèré ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi nínú igbó wa, kò nílò ìrànlọ́wọ́ yín rárá. Róòsì kì í gùn. Ẹ̀gún rẹ̀ kàn ń kọ́ nǹkan ni. Àfi kí ẹ so ó, okùn rírọ̀ ni kí ẹ sì fi so ó, kí ẹ fi ààyè sílẹ̀. Wáyà á rẹ́ ẹ lọ́rùn bó bá sanra.

Bí ẹ bá ti ń so róòsì, ẹ má jẹ́ kó lọ tààrà sókè. Èyí ló jẹ́ ìyanu fún mi jù nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀ka tó bá dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ nìkan ló ń tan òdòdó, àwọn ojú ìhù tó wà nísàlẹ̀ kò ní gbéra, nítorí ọba méjì kì í gbé ààfin kan, èyí tó wà lókè pátápátá ń rán ohun kan sọ̀kalẹ̀ tó ń dá wọn dúró. Ẹ tẹ ẹ̀ka náà lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ na án gbọọrọ lára ògiri. Àwọn ojú ìhù á wà ní ipò kan náà, kálukú á fi ara rẹ̀ jọba, òdòdó á sì kún un láti ìdí dé orí. Ìgbà ìwọ́wé ni ẹ̀ka ṣì ń tẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi ipá ṣe é o. Ó máa ń dá, ẹ̀gún rẹ̀ kì í sì í foríjì.

Ọ̀bẹ

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìyàwó yẹn ló gbin clematis montana sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ní oṣù Karùn-ún, ó máa ń bo ilẹ̀kùn pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà gbà mí síṣẹ́ ní oṣù Kejì, ó ní kí n tún ọgbà ṣe. Mo ti gbọ́ pé oṣù Kejì là ń gé clematis. Mo gé e! Mo gé e dé orúnkún, mo gbá ilẹ̀, inú mi dùn. Oṣù Karùn-ún dé, ewé nìkan ni. Kò ní òdòdó kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà kò bínú sí mi, kò sọ ohunkóhun. Kò kàn pè mí mọ́ ni.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Mi ò béèrè ìbéèrè kan: ṣé orí igi ọdún tó kọjá ló ń tan òdòdó sí, àbí orí igi tuntun? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Èyí tó ń tan òdòdó kí ìgbà ooru tó wọlé, bíi montana, ìrudi rẹ̀ ti wà lára igi àtijọ́ láti ọdún tó kọjá. Bí ẹ bá gé e ní oṣù Kejì, òdòdó ni ẹ gé. Ẹ jẹ́ kó tan òdòdó tán ná. Èyí tó ń tan òdòdó láti oṣù Keje lọ, bíi Jackmanii, igi tuntun ló ń lò. Òun ni ẹ lè gé láìṣàánú ní oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, kó ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, lókè ojú ìhù méjì tó sanra. Àwọn kan wà láàárín, àwọn olódòdó ńlá oṣù Karùn-ún àti Kẹfà bíi Nelly Moser, tí ilẹ̀ Faransé fún wa ní 1897. Tiwọn kò ju kí ẹ yọ òkú ẹ̀ka, kí ẹ sì rẹ́ orí wọn fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ fi ọdún kan wò ó. Ọdún kan kò pọ̀.

Wisteria, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún là ń gé e: lẹ́yìn ìgbà tó bá ti tan òdòdó, ní oṣù Keje tàbí Kẹjọ, ẹ gé àwọn pàṣán gígùn rẹ̀ kó ku ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, ní oṣù Kìíní tàbí Kejì, ẹ tún gé e kó ku ojú ìhù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n fi èso gbìn o, ọmọ yín lè dàgbà kó tó tan òdòdó. Èyí tí wọ́n lọ́, ìyẹn tí wọ́n so ẹ̀ka èyí tó ti ń tan òdòdó mọ́ gbòǹgbò òmíràn, ni kí ẹ rà.

Ìgbálẹ̀, ìṣáwùrú àti iná ewé

Àwọn ọmọ àgbẹ̀ kòkó tó wà níbí, ẹ rántí bí kòkó ṣe máa ń dúdú lórí igi nígbà òjò? Tí bàbá yín ń ní, ẹ ká a, ẹ gbé e jìnnà? Róòsì náà ní àmì dúdú tirẹ̀. Ewé á ní ojú dúdú roboto, ẹ̀bá rẹ̀ á pọ́n, á sì já bọ́. Ó fẹ́ kí ewé wà nínú omi fún wákàtí mélòó kan kó tó lè mú un. Èyí tó já bọ́ ló burú jù, nítorí àrùn náà ń lo ìgbà òtútù nínú ewé ilẹ̀, nígbà ìrúwé omi òjò á ta á padà sókè. Oògùn àkọ́kọ́ fún un ni ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kò nílò ẹnikẹ́ni láti kọ́ yín ìyẹn. Ẹ gbálẹ̀ ìdí róòsì, ẹ kó ewé náà kúrò pátápátá.

Ẹ tún rántí oògùn aláwọ̀ búlúù yẹn, tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí wọ́n ń pò mọ́ láìmù kí wọ́n tó fín in sí kòkó? Ara àjàrà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ìwúlò rẹ̀, ní agbègbè Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ní àwọn ọdún 1880. Àjàrà, ìtàkùn bíi tiwa! Mo ń wá a kiri ní England bí ẹni ń wá ará ilé. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ tà á fún ológbà ilé mọ́. Mo padà sídìí ìgbálẹ̀ mi.

Iná ewé, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó dà bí iná orí, máa ń kún orí honeysuckle àti róòsì nígbà ìrúwé. Ẹ fi ọwọ́ nù wọ́n dànù, tàbí kí ẹ fi omi lé wọn. Bí ẹ bá rí kòkòrò pupa roboto kan tó ní àmì dúdú lẹ́yìn, ẹ má pa á, òun ló ń jẹ wọ́n. Ní ti ìṣáwùrú àti ìgbín tí kò ní ìkarahun, àwọn ló ń jẹ ọ̀mùnú clematis ní oṣù Kẹta, òru ni wọ́n sì ń jáde. Mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣà wọ́n. Aládùúgbò kan pe ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan, ó rí ọkùnrin dúdú tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Ọlọ́pàá dé, ó rí korobá ìṣáwùrú lọ́wọ́ mi. Ó béèrè bóyá mo fẹ́ jẹ wọ́n ni. Mo ní, "Ọ̀gá, èyí kéré. Ẹ wá wo ìgbín Oǹdó."

Ṣé ó lè yè ní Akúrẹ́?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Àwọn oníbàárà yín ń fi àwòrán wisteria orí Facebook hàn yín, wọ́n ní irú rẹ̀ ni àwọn fẹ́ sí gééti ní Ìjàpọ̀. Ẹ má gba owó wọn. Igi tó nílò oorun òtútù, níbo ló ti fẹ́ rí oorun sùn níbí? Kódà nínú ọyẹ́, òru wa kì í sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì. Á yọ ewé, á máa ṣe bí ẹni tí kò sùn lóru. Jos nìyẹn, tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 lókè òkun, róòsì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ju tiwa lọ. Ibi gíga ló fa ìyẹn. Arákùnrin kan bi mí bóyá òun lè gbé clematis sínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Pẹ̀lú owó iná Band A yìí?

Èmi fúnra mi gbin sweet pea nígbà tí mo dé. Ará Sicily ni. Ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn kan tó ń jẹ́ Francesco Cupani ló fi èso rẹ̀ ránṣẹ́ sí England ní 1699. Nígbà tó yá, Henry Eckford ní ìlú Wem sọ ọ́ di olódòdó ńlá. Òórùn rẹ̀ ni mo ń ṣàárò. Mo gbìn ín ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òru ń tutù díẹ̀. Ó ga dé orúnkún mi, ó tan òdòdó mẹ́ta. Mo ká a, nítorí bí a bá ṣe ń ká a ló ṣe ń tan òdòdó sí i. Bí a bá jẹ́ kó so èso, iṣẹ́ ti parí lójú tirẹ̀. Oòrùn oṣù Kejì dé, ó di koríko gbígbẹ. Mo fi èékánná ha á. Eléyìí kò sùn o, ó kú.

Mo gbin bougainvillea síbẹ̀. Ó ti gun òrùlé báyìí.

Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́.

*(Ìyá àgbà kan lápá òsì ló kọ́kọ́ dìde.)*

"Ọmọ mi, o káre. Nínú àwọn ìtàkùn tí o dárúkọ, ọ̀kan wà tó jọ ẹ̀wà, mo rí i lára ọgbà ọmọ mi ní Leeds. Ó ní èèpo bí ti ẹ̀wà, èso wà nínú rẹ̀. Báwo ni a ṣe ń sè é?"

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ dákẹ́ ẹ jẹ́ kí n dá màmá lóhùn. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é. Èso sweet pea ní májèlé. Ti wisteria náà ní májèlé, èèpo rẹ̀ àti èso rẹ̀. Omi ara clematis á tún mú kí ọwọ́ yín máa hún yín. Ọmọ-ọmọ yín tó ń rá kòrò, ẹ má jẹ́ kó fi í sẹ́nu. Ṣé ẹ ti sè é rí?

"Rárá o. Mo kàn ká a sínú fìríìjì ni."

Màmá, ẹ pe ọmọ yín. Ẹ pè é báyìí. Ẹ bá mi gbé fóònù fún màmá.